Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Tí Olútìmẹ́hìn Fi Ju Dúrójaiyé Lọ

Kò sí òkú tí Olútìmẹ́hìn kò lè sọ di ẹni mímọ́ láàárín wákàtí kan. Kí olè kú lónìí, kí oníjà kú lọ́la, kí ẹni tó ta ilẹ̀ àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn lórí kú lọ́túnla, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Olútìmẹ́hìn ni gbogbo wọn yóò gbà kọjá, wọn yóò sì jáde níbẹ̀ ní olùfẹ́ Ọlọ́run, olùrànlọ́wọ́ aláìní, bàbá gbogbo ayé. Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé ni wọ́n ń pe ohun tó ń kọ yìí. Òun náà ló sì máa ń kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo èrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, nínú ìjọ Aládùúrà kan ní Òdòde Ìdànrè, tòun ti aṣọ funfun àti awò ojú tí apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́, tó fi òwú dúdú so.

Ìwé mẹ́ta péré ló ní. Ọ̀kan wà fún àgbẹ̀, ọ̀kan fún oníṣòwò, ọ̀kan fún tíṣà àti ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó ti tẹ̀ wọ́n sílẹ̀ pátá, ó kàn fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ, fún iye ọdún, àti fún àwọn ọmọ, tí yóò máa tò bí iṣẹ́ wọn bá ṣe gbayì sí: ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ṣíwájú, ẹni tó ń bá bàbá ro oko kẹ́yìn. Bí ti àgbẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: "Ó jẹ́ àgbẹ̀ aláápọn, ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà." Olútìmẹ́hìn mọ̀ dájú pé láti Òdòde dé Aládé, títí lọ kan Ofosu, a kò tíì bí àgbẹ̀ kòkó tí kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ààlà oko. Ó mọ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Bí àwọn ọmọ olóògbé bá ti kẹ́yìn síta báyìí, yóò yọ ṣùtì, yóò kọjú sí Àgátà ìyàwó rẹ̀.

"Èyí tí kò mọ oúnjẹ tí bàbá rẹ̀ kì í jẹ," ni yóò wí, "òun ló ń sọ fún mi pé kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ pé bàbá àti ọmọ ò ya ara wọn."

Ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé ó kórìíra iṣẹ́ náà o. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko kòkó ló ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń kọ orúkọ àpò kòkó nígbà tí àwọn olówó kòkó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Kò sí ibi tó wọ̀ tí ẹnì kan dìde fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú, bó bá ti dúró, tó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó ṣí ìwé, àní àwọn tó fi mọ́tò ńlá wá láti Èkó yóò pa ẹnu wọn mọ́. Bí wọ́n bá gba ìwé kíkà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló tún kù tó ń jẹ́ Olútìmẹ́hìn? Ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló kù. Òun gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ pàápàá kò dára tó láti kà sí etí èrò. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ignatius ló ń kàwé náà kó tó kàn án. Ohùn Ignatius ti ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́, Olútìmẹ́hìn ò sì lè mú sùúrù dìgbà tí Ọlọ́run yóò bá a ṣe é. Ó dá a lábàá níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọgọ́rin ọdún, kí wọ́n jẹ́ kó lọ sinmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ. Ó ní ìfẹ́ ni, ó ní ìkẹ́ ni. Wọ́n gbà á, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin, Ignatius sì lọ ń jókòó sílé rẹ̀ títí tó fi kú. Olútìmẹ́hìn ló ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí kò fi purọ́ rí láyé rẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Àárín agbolé kan náà, lórí Òkè Ìdànrè, ni wọ́n ti bí òun àti Dúrójaiyé, kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ọjọ́ kejì tí wọ́n sọ Olútìmẹ́hìn lórúkọ ni wọ́n bí ẹnìkejì, bí àwọn ìyá wọn ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, ọjọ́ mẹ́sàn-án géérégé ni Olútìmẹ́hìn sì kà á sí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí ló fi ń mu omi. Bí wọ́n bá pín ẹran, òun ni yóò kọ́kọ́ mú. Bí wọ́n bá ń tò wọlé nínú ìjọ, Dúrójaiyé gbọ́dọ̀ yà fún un. Ó tilẹ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan pé kí Dúrójaiyé máa fi "ẹ̀yin" bá òun sọ̀rọ̀. Dúrójaiyé rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Tìmẹ́hìn, o ò ní pa mí." Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ní Òdòde, àwọn ọmọdé gan-an ń pè é ní Bàbá Ọjọ́ Mẹ́sàn-án tó bá ti kọjá tán.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ti ọjọ́ tí ilé wọn sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni àwọn méjèèjì. Àwọn àgbà ti rù lọ níwájú, kálukú ń wá bí ẹrù òun kò ṣe ní fọ́. Orí àtẹ̀gùn òkúta ni ẹsẹ̀ Olútìmẹ́hìn ti yẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń sunkún. Dúrójaiyé sọ agbọ̀n adìyẹ tó rù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n. Ó pọ̀n ọ́n dé ìsàlẹ̀, ó sì tún gun òkè padà lọ gbé agbọ̀n. Adìyẹ méjì ti já lọ, ìyá rẹ̀ sì nà án fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà, Dúrójaiyé kò fi ọ̀rọ̀ yìí gún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú rí, kódà lọ́jọ́ tí Olútìmẹ́hìn ń já ẹran gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ àgbà. Àrìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ ọ́ fún.

Ní ìgbà ọyẹ́ tó mú ọdún 1981 wọlé, Dúrójaiyé dùbúlẹ̀ àìsàn. Olútìmẹ́hìn lọ kí i ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àrìnkẹ́ sì jókòó tì wọ́n, ó ń fi aṣọ tútù nu ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Tìmẹ́hìn," ni aláìsàn náà wí, "ìwọ ni wàá ka tèmi."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. O ò ní kú."

"Ìwọ ni wàá kà á, mo sì mọ ìwé rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ ohun tó bá wù ẹ́. Ṣùgbọ́n sọ ti ọjọ́ tá a sọ̀ kalẹ̀. Mo bí ọmọ, mo gbin kòkó, gbogbo èèyàn ló ń ṣèyẹn. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe tó ń dùn mọ́ mi nínú tí mo bá rántí."

Olútìmẹ́hìn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ṣèlérí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì purọ́ nínú ẹkún ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Dúrójaiyé kú.

Àkọ́bí rẹ̀, Ọlọ́runṣògo, ọ̀gá díẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àkúrẹ́, ló wá sọ́dọ̀ Olútìmẹ́hìn pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Ó ti ya àwòrán pósítà. Ó ti fún àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ní ìkéde. Gbogbo ohun tí ọmọ tó ń wá sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lè ṣe fún bàbá tó ti kú ló ti ṣe.

"Bàbá, ọdún mélòó ni ẹ fẹ́ kọ?"

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni."

Ọlọ́runṣògo fò sókè bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ fún un. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kẹ̀! Bàbá, mo ti sanwó fún ẹgbẹ́ onífèrè. Ọ̀gá mi ń bọ̀, permanent secretary ń bọ̀. Ṣé ká wá máa sunkún níwájú wọn ni?"

Ìjọ wọn ní òfin lórí ìyẹn náà. Òkú ẹni tí kò tó ọgọ́rin, àdúrà ni, orin ọ̀fọ̀ ni, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Òkú ẹni tó lé ní ọgọ́rin ni wọ́n ń fun fèrè sí, tí wọ́n ń jó kiri ìlú, tí wọ́n ń pè ní ìdúpẹ́. Òfin yìí ló fà á tí kò fi sí ẹni tó tún ń kú ní kékeré ní Òdòde mọ́. Olútìmẹ́hìn ti fi ọdún mẹ́wàá kún ti ẹni kan, ó ti fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ti ẹlòmíràn. Ti bàbá pásítọ̀ gan-an, ó fi ogún ọdún lé e lórí, pásítọ̀ sì ṣe àmín.

"Ẹ bá wa fi mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún sí i," ni Ọlọ́runṣògo wí.

Olútìmẹ́hìn yọ ṣùtì sí i nínú ọkàn, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Àrìnkẹ́ yà lọ́dọ̀ Olútìmẹ́hìn nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ìsìnkú dé. "Bàbá Yọmí, ti ọjọ́ ìsọ̀kalẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀," ni Olútìmẹ́hìn dáhùn.

Kò sí níbẹ̀. Ó ti ki bébà bọ ẹ̀rọ lóòótọ́, ó ti tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó ti ní "ó sì bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ̀rẹ́ rẹ̀," ọwọ́ rẹ̀ sì wá dúró. Òun, àgbà, lẹ́yìn àbúrò! Kí òun wá fi ẹnu ara òun kà á sí etí permanent secretary! Ó yọ bébà náà, ó ká a, ó fi sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó wá wí fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ òun, ọdún tí àwọn ọmọ fi kún un ni kò jẹ́ kó bá a mu, nítorí pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún yóò ti lé ní ọgbọ̀n nígbà tí ìlú sọ̀ kalẹ̀, ta ló sì ń pọ̀n ẹni ọgbọ̀n ọdún? Ẹ ò rí i bí irọ́ ṣe ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fa ìwé àgbẹ̀ yọ, ó kọ orúkọ Dúrójaiyé sí àyè orúkọ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, èrò kún ìjọ dé ẹnu ọ̀nà. Olútìmẹ́hìn wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kà á pé Dúrójaiyé jẹ́ àgbẹ̀ aláápọn, ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kà á pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni. Ó to àwọn ọmọ láti ọ́fíìsì dé oko. Nígbà tó kà á tán tó yẹ kó jókòó, adùn bí èrò ṣe ń fetí sí i wọ̀ ọ́ lára, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan lé e tí kò sí nínú ìwé: "Èmi tí mò ń kà á fún yín yìí, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú lọ." Àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àrìnkẹ́ jókòó nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀, ó ń retí, títí tí àwọn onífèrè fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ló tó gbé ojú sókè wo Olútìmẹ́hìn, Olútìmẹ́hìn sì ń ká awò ojú rẹ̀ sínú àpò bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn tó fetí sílẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ yẹn ni Olúwaṣeun. Tíṣà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi òyìnbó há àárín ọ̀rọ̀, tí ojú rẹ̀ sì ti wà lára ìwé kíkà yìí láti ọdún mẹ́ta. Bí Olútìmẹ́hìn ti ṣe Ignatius gan-an lòun náà fẹ́ ṣe, àmọ́ òun kò tiẹ̀ ní láti dá òfin kankan lábàá, nítorí wọ́n ti bá a dá a sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó. Olúwaṣeun dìde, ó tẹrí ba.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè kékeré kan ni. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ju Bàbá Dúrójaiyé lọ?"

Orí Olútìmẹ́hìn wú. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ta ni kò mọ̀?"

"Ẹ ṣeun sà." Olúwaṣeun fa bébà yọ. "Ohun tí ẹ kà níwájú pẹpẹ rèé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Ó já sí pé ẹ̀yin náà ti kọjá ọgọ́rin láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, bàbá, a sì ń jẹ́ kí ẹ máa dúró lórí ẹsẹ̀. It is not fair. Òfin ìkẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń bẹ níbí."

Olútìmẹ́hìn wo ojú àwọn ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọkùnrin tó gun kẹ̀kẹ́ wá sí ìpàdé láti òdìkejì ìlú kì í ṣe ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ku mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí Olútìmẹ́hìn kò bá a fi ọdún kún òkú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà pé ó purọ́ fún Dúrójaiyé, bàbá ta ni yóò ṣẹ́ kù? Pásítọ̀ ń wo àjà. Bí Olútìmẹ́hìn bá sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ lòun kà níwájú pẹpẹ, tòun ti aṣọ funfun, wọn yóò lé e pẹ̀lú ìtìjú. Wọ́n fi ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e sí ọjọ́ ìdúpẹ́ àti ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

"Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún!" Àgátà pàtẹ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ọ nílé. "Èmi wá ńkọ́? Ṣé ẹ kọ́kọ́ bí mi kí ẹ tó fẹ́ mi ni? Bàbá Yọmí, ṣé kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí yín ní kékeré, tí ẹnì kan lè jẹ́rìí sí, tí wọn yóò fi mọ̀ pé ọmọdé ni yín nígbà tí ìlú sọ̀ kalẹ̀?"

Ó wà, ẹlẹ́rìí sì wà láàyè, kò ju ilé mẹ́rin lọ sí ibi tí wọ́n jókòó. Olútìmẹ́hìn ní kó fún òun lómi mu.

Ọjọ́ ìsinmi dé. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù kan síwájú ìjọ, wọ́n fún un ní ọ̀pá ìtìlẹ̀, òun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le koko. Olúwaṣeun dúró síbi tí Olútìmẹ́hìn máa ń dúró sí, ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ó ṣí ìwé.

"Bàbá wa jẹ́ akọ̀wé aláápọn, ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà."

Ìwé àgbẹ̀ ni! Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni Olútìmẹ́hìn mọ̀ kí ó tó jáde lẹ́nu tíṣà. Olùfẹ́ Ọlọ́run. Olùrànlọ́wọ́ aláìní. Ó ń retí ibi tí wọn yóò ti kan òun gan-an, kò kan án. Ó wo gbogbo èrò tó ń mi orí, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń rò, nítorí òun náà ti rò ó lórí Ignatius. Pósí nìkan ló kù kí wọ́n gbé wọlé. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ó dìde, ó gbé ọ̀pá jù sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ mi. N kò tó ọgọ́rin. Dúrójaiyé náà kò tó o. Ọmọ ọdún méjìlá ni àwa méjèèjì lọ́jọ́ tí ilé wa sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yẹ̀, ẹkún ni mò ń sun. Dúrójaiyé sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó pọ̀n mí. Mo jù ú lọ, ó sì pọ̀n mí títí dé ìsàlẹ̀! Ó ní kí n sọ ọ́, n kò sọ ọ́."

Ẹnì kan rín fín-ín ní ẹ̀yìn, ẹlòmíràn sì gbà á. Ẹ̀rín kò pọ̀, àánú ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, tó ní wọ́n pọ̀n òun!

"Ẹ kú ọ̀rọ̀, bàbá," ni pásítọ̀ wí, ó ń rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ bá wa fi wọ́n jókòó. Ó ti rẹ̀ wọ́n."

"Àgbà ló dé," ni Olúwaṣeun sọ fún ìjọ. "Ẹ jẹ́ ká máa fi wọ́n sádùúrà." Ẹni méjì di Olútìmẹ́hìn ní abíyá, wọ́n fi í sínú àga onítìmùtìmù, ẹnìkan sì tún bá a gbé ọ̀pá rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Ó ń wo ibi tí Àrìnkẹ́ jókòó sí. Àrìnkẹ́ kò dìde.

Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí èrò ń túká, obìnrin náà wá dúró níwájú àga.

"Ìyàwó," ni Olútìmẹ́hìn wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "o mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ. Kí ló dé tó o dákẹ́? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu rẹ ì bá tó."

"Òótọ́ ni, Bàbá Yọmí. Ọjọ́ tí ọkọ mi wà nínú pósí ni mo jókòó tí mò ń retí òótọ́ yìí, ìgbà yẹn ni wọn ì bá sì gbà yín gbọ́. Èyí tí ẹ sọ lónìí, tiyín ni, kì í ṣe tiẹ̀."

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ bá àwọn obìnrin tó ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi Olútìmẹ́hìn àti àga náà sílẹ̀.